Tí ọmọ Filipino bá ní "okay lang", ẹ má tíì dìde

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kọ́ ọmọ àwọn ará Filipínì níwèé, tàbí tẹ́ẹ jọ ń gbé ládùúgbò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Tẹ́ẹ bá bi ọmọ ọdún 15 níbẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, "okay lang" ló máa sọ, ìyẹn ni pé kò séwu. Ẹ má gbà á gbọ́ o. Ohun tí wọ́n ń pè ní hiya ló fà á, ojú ló ń tì í, kò fẹ́ di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí.

"Kumain ka na?" ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣó o ti jẹun. Nígbà tí mò ń kàwé ní Manila, ọmọ-ọmọ làńlédì mi wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 16, ìyá ẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ní Hong Kong. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí àtẹ̀gùn látàárọ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyá àgbà ò bi í ní nǹkan kan, wọ́n kàn gbé àwo pancit, ìyẹn núdù tiwọn, wá, fọ́ọ̀kì méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó kù díẹ̀ kó tán kọ́mọ náà tó ní ìyá òun ò ní lè wá ṣe Kérésì. Ẹ rántí pé láti September ni wọ́n ti ń kọrin Kérésì lọ́hùn-ún.

Ẹ má sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé "ṣebí nítorí ẹ ni ìyá ẹ ṣe lọ". Ó ti mọ̀! Utang na loob, gbèsè oore tó wà lọ́kàn ẹ̀, ti wúwo tó, òun gan-an ni ò jẹ́ kó lè sọ pé inú òun ò dùn, torí owó ilé-ìwé ẹ̀ láti Hong Kong ló ti ń wá.

Tó bá ṣe tampo ńkọ́, tó dákẹ́ tí ò fèsì mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín mọ́? Kì í ṣe pé ó yan yín lódì, ẹ ti dùn ún níbì kan ni, ó ń retí pé kẹ́ẹ wá pẹ̀tù sóun nínú. Ẹ lọ bá a.

Ẹ má já a gbà lọ́wọ́ barkada ẹ̀ náà, ìyẹn àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn, àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kóbìí tó gbọ́. Tó bá wá ń pè yín ní ate tàbí kuya, bí ẹ̀gbọ́n tiwa náà ni, ẹ ti di ẹbí nìyẹn, kò gbọdọ̀ wá yín tì.

Ṣùgbọ́n tó bá ní òun ò fẹ́ wà láàyè mọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá oúnjẹ. 1553 ni nọ́ńbà National Center for Mental Health ní Filipínì, wọ́n ń gbé e tọ̀sán-tòru. Ẹ bá a pè é, kẹ́ẹ sì jókòó tì í títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán.