Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń wọ Year 5 àti Year 6 ní England

Ẹ kúulé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè gba list spelling wọn lọ́wọ́ tíṣà, 100 ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀ fún kíláàsì méjèèjì, àwọn bíi rhythm àti yacht tó máa ń da ọmọ láàmú gan-an, ẹ máa pè é fún wọn díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́ torí Year 6 máa ṣe SATs, ìdánwò ìparí primary, ní May. Ti writing, tíṣà ló máa fúnra ẹ̀ wo iṣẹ́ wọn.

Ti history ló dùn mọ́ mi jù! Ilé ìwé lè yan Benin (ti àwọn Ẹdó), Maya (àwọn ará Central America) tàbí Baghdad ayé àtijọ́, ẹ bi wọ́n èwo ni wọ́n yàn o. Tó bá jẹ́ Benin, tẹ́ ẹ bá ń gbé nítòsí London, ẹ gbọ́mọ lọ British Museum, ọ̀fẹ́ ni, kó fojú ara ẹ̀ rí àwọn iṣẹ́ idẹ Benin, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé fún un bí àwọn sójà òyìnbó ṣe kó wọn lọ ní 1897.