Bí a ṣe ń tún fáìlì àwọ̀ kámẹ́rà kékeré ṣe kí àlàárì lè jáde bó ṣe rí

Ẹni tó ń fi kámẹ́rà Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré kan) ya aṣọ òfì n'Ílọrin kó lè tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ẹjọ́ tí oníbàárà máa ń rò: àlàárì tó rí lójú fóònù fẹ́ jọ àwọ̀ ọsàn, èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀ sì pupa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Fáìlì JSON kan (fáìlì ọ̀rọ̀ tó kó ètò jọ) ló ń sọ fún ISP, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán, bí yóò ṣe sọ ìmọ́lẹ̀ tó wọlé di àwọ̀, òun la fẹ́ tún ṣe. Pi 4 àti sẹ́ńsọ̀ IMX219 la ó lò.

Fáìlì náà wà ní `/usr/share/libcamera/ipa/rpi/vc4/imx219.json`. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ pè é ní `imx219_tiwa.json`. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, nítorí ìmúdójúìwọ̀n lè pa gbogbo iṣẹ́ yín rẹ́. Ti Pi 5 wà nínú fódà `pisp`, kò sì ṣeé fi rọ́pò ti `vc4`.

Dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní abẹ́ `rpi.black_level`, 4096 lẹ máa bá, nọ́ńbà tí kámẹ́rà kà sí dúdú pátápátá, èyí tó jẹ́ 64 lórí ìwọ̀n bíìtì 10. Tó bá kéré jù, ibi dúdú á funfun bí ìgbà tí kurukuru bò ó. Tó bá pọ̀ jù, ìṣẹ́po aṣọ dúdú á parẹ́.

Lẹ́ńsì ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Igun àwòrán máa ń ṣókùnkùn ju àárín lọ, `rpi.alsc` ló sì ń mú un dọ́gba. Ẹ ya ojú funfun tí ìmọ́lẹ̀ kàn dọ́gba káàkiri, pẹ̀lú `rpicam-still -r -o alsc_3000k_1.jpg`, `-r` ni yóò fún yín ní fáìlì DNG, ìyẹn àwòrán tí ISP ò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ tún un ṣe lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ míì, kí orúkọ fáìlì máa sọ ìwọ̀n kẹ́lífíìnì, ìyẹn bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe rí. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu lẹ́ńsì kí ẹ tó yà á: eruku tó bá wà níbẹ̀ á wọ inú tábìlì nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, kámẹ́rà á sì máa tan ojú ibẹ̀ láìnídìí nínú gbogbo àwòrán tó bá yà lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya pátákó tó ní àwọ̀ 24 lójú lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi, láti gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú sí òjìji ọ̀sán. Orúkọ rẹ̀ á dà bíi `d65_6500k_800l.dng`, 800l ni ìwọ̀n lọ́ọ̀sì (agbára ìmọ́lẹ̀) tí ẹ bá lójú pátákó. Kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ kankan tó funfun débi pé kò ní ìyàtọ̀ mọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń tan gílóòbù LED, ẹ ṣọ́ra: iná tó yẹ kó jẹ́ 50Hz lè máa lọ sókè sódò, ìlà dúdú á sì gba àwòrán kọjá. Tí iná bá dúró ní 50Hz, `--shutter 10000` tàbí 20000 (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ní máíkírósẹ́kọ́ńdì) ló ń pa ìlà náà rẹ́. Iná bátìrì ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ kó gbogbo DNG sínú fódà kan, kí ẹ fún CTT, irinṣẹ́ tó ń ṣírò fáìlì àwọ̀ nínú àkójọ ètò kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní libcamera: `-i` fún fódà, `-o` fún fáìlì tuntun tí yóò gba ipò `imx219_tiwa.json`.

Bí pupa ò bá tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wo `rpi.ccm`, tábìlì nọ́ńbà tó ń tún àwọ̀ ṣe. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló wà fún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà. Àpapọ̀ ìlà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Bí ìlà pupa bá jẹ́ 1.80, -0.55, -0.25, tí ẹ sì sọ 1.80 di 1.90, ẹ gbọ́dọ̀ yọ 0.10 lápapọ̀ lára méjì tó kù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọ̀ eérú á di pupa. Ẹ má ṣe é jù, torí kóróró (àmì wínníwínní) inú àwòrán á pọ̀ sí i.

Ẹ dán an wò: `rpicam-still --tuning-file imx219_tiwa.json -o yewo.jpg`. Bí àlàárì bá gba gbogbo ojú kámẹ́rà, AWB, ètò tó ń mú funfun dọ́gba fúnra rẹ̀, lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pupa, á sì fa àwòrán sí búlúù. Ẹ fi ìwé funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tàbí kí ẹ fi `--awbgains` de nọ́ńbà méjèèjì (ti pupa àti ti búlúù) mọ́lẹ̀ fún iná ṣọ́ọ̀bù yín.