Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀

Bí ẹ bá ti Sábó dé lórí ọ̀kadà nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹ má na apá lójú ẹsẹ̀. Ọkàn ṣì ń lù kì-kì, nọ́ńbà tó bá jáde kì í ṣe ti ara tó sinmi. Ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ tọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ìtọ̀ tó kún inú máa ń ti ìfúnpá sókè. Bí ẹ bá jẹ obì, mu kọfí tàbí sìgá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30.

Ìjókòó gan-an ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì, kó bá àyà dọ́gba. Bó bá rọ̀ sísàlẹ̀, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ká apá bùbá sókè, kí ọ̀já ẹ̀rọ náà kan ara. Ọ̀já tó kéré fún apá tó tóbi náà ń gbé nọ́ńbà ga. Bí ẹnìkan bá kí yín, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín.

Bí nọ́ńbà òkè kò bá tó 120, tí ti ìsàlẹ̀ kò tó 80, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ẹ má wo ti òkè nìkan: 132/96 náà ga. Ẹ má sì gbọ́ tàwọn tó ní ká fi 100 kún ọjọ́ orí. 160 kò dára fún ẹni 60 ọdún.

“Orí kò fọ́ mi” kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa ba kíndìnrín jẹ́ láìsí ìrora kankan. Èyí tó sì ń dùn wá jù ni ti ẹni tó rí 124/78 tó wá pa oògùn tì. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀! Bí oògùn náà bá ń mú ẹsẹ̀ yín wú, ẹ sọ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí 180/120, ẹ sinmi, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá yí padà, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun yín, tí èémí ń há, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ẹ má dúró wọn òmíràn, ẹ má sì po àgbo: ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen ni kí wọ́n gbé yín lọ ní kíá.