Bí A Ṣe Ń So Módẹ́mù Íntánẹ́ẹ̀tì Mọ́ Ráútà Wi-Fi Ilé

Ilé tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, ì báà jẹ́ ní àárín oko tàbí ní ìgbèríko, kì í sábà ní ọ̀nà mìíràn sí íntánẹ́ẹ̀tì ju nẹ́tíwọ̀kì fóònù lọ. Módẹ́mù kékeré tí a ń kì bọ ojú USB kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń sìn. Bí bàbá bá ń wò ó bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ọmọ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní láti ní sùúrù títí bàbá yóò fi ṣe tán. A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ so módẹ́mù náà mọ́ ráútà Wi-Fi, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé láìlo wáyà, kí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé lè jọ máa lò ó.

Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tí iṣẹ́ yìí bá le mọ́ lọ́wọ́ yóò jókòó ti ojúewé ìṣètò ráútà fún wákàtí púpọ̀, yóò máa yí ibí, yóò máa yí ọ̀hún, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó dí i lọ́nà ti wà níbẹ̀ kó tó tan ráútà rárá: bóyá módẹ́mù àti ráútà náà kò gbọ́ èdè ara wọn, tàbí kó jẹ́ pé iná tí ráútà ń fún módẹ́mù kò tó o. Orí nǹkan méjèèjì yìí la ó ti pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú módẹ́mù tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi méjì ni módẹ́mù USB tó wọ́pọ̀. Oríṣi kìíní kò lè dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a pe nẹ́tíwọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń pe nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà tí ó sì sábà máa ń pè ni *99#. Oríṣi kejì ní ráútà kékeré kan nínú ara rẹ̀: bí ẹ bá ti ki módẹ́mù náà bọ kọ̀ǹpútà, ó ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì ní ojúewé tirẹ̀ tí a lè ṣí pẹ̀lú búráwúsà. Lórí ọ̀pọ̀ módẹ́mù Huawei ti oríṣi kejì, àdírẹ́sì ojúewé náà ni 192.168.8.1; lórí ọ̀pọ̀ ti ZTE, 192.168.0.1 ni.

Láti mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ ki módẹ́mù náà bọ kọ̀ǹpútà kí ẹ sì wò ó. Bí ètò kan bá ní kí ẹ fi òun sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ní láti tẹ bọ́tìnì nínú rẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé, oríṣi kìíní ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí ojúewé búráwúsà bá ṣí, tó ń fi agbára nẹ́tíwọ̀kì àti iye dátà tí ẹ ti lò hàn yín, oríṣi kejì ni.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki módẹ́mù bọ ojú USB, púpọ̀ nínú wọn kì í kọ́kọ́ fi ara hàn bíi módẹ́mù. Bíi àwo CD tí ètò kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, títí kọ̀ǹpútà yóò fi pàṣẹ pé kí wọ́n yí padà. Ráútà tí kò bá mọ àṣẹ náà yóò kàn rò pé fíláàṣì ni wọ́n kì bọ òun. Nítorí náà, bí ráútà yín bá ń sọ pé ibi ìkópamọ́ fáìlì lòun rí, módẹ́mù yín kò bàjẹ́. Kò tíì yí padà ni. Ẹ lọ sí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe ráútà, kí ẹ wò ó bóyá ètò inú ráútà tó jẹ́ tuntun ti jáde, nítorí pé nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń fi módẹ́mù mìíràn kún èyí tí ráútà mọ̀. Ẹni tó bá ń lo OpenWrt (ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò ètò inú ráútà) lórí ráútà rẹ̀ yóò fi usb-modeswitch, ètò kékeré tó ń pa àṣẹ náà fún módẹ́mù, kún un.

Ẹ tún yẹ ọjọ́ orí módẹ́mù náà wò. Èyí tó mọ 3G nìkan ti di aláìwúlò ní ọ̀pọ̀ ibi: àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Jámánì pa 3G tiwọn ní 2021, àwọn ńláńlá Amẹ́ríkà sì parí tiwọn ní 2022. Bí ó bá sì jẹ́ pé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan ló ta módẹ́mù fún yín, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tì í pa mọ́ síìmù tiwọn nìkan, síìmù mìíràn kò sì ní ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi ṣí i.

Ráútà tó lè gba módẹ́mù

Pé ráútà ní ojú USB kò túmọ̀ sí pé ó lè lo módẹ́mù. Ojú USB tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ráútà wà fún fíláàṣì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan. Ẹ wo ìwé tó bá ráútà wá bóyá wọ́n kọ 3G/4G síbẹ̀ lára àwọn ọ̀nà tí ó lè gbà rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wá orúkọ àti nọ́ńbà módẹ́mù yín nínú àkójọ tí iléeṣẹ́ náà gbé jáde. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi owó ra ráútà náà lórí ìrètí.

Ẹni tí ráútà rẹ̀ kò ní ojú USB tó wúlò kò tíì pàdánù. Bí ẹ̀rọ 4G yín bá ní ojú wáyà LAN (ojú tí a fi ń so ẹ̀rọ inú ilé mọ́ ọn), ẹ fa wáyà láti ibẹ̀ wá sí ojú WAN ráútà (ojú tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ráútà), iṣẹ́ sì ti parí. Ọ̀nà yìí ló dúró ṣinṣin jù lójú tèmi. Àwọn ráútà kan wà tó ní ètò WISP, tí wọ́n fi lè gba Wi-Fi láti ara MiFi (módẹ́mù kékeré tó ń pín Wi-Fi fúnra rẹ̀) tàbí fóònù kí wọ́n sì tún un pín, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé rédíò kan náà ló ń gbà tó sì ń pín, ìyára rẹ̀ yóò dínkù gan-an. Kọ̀ǹpútà tí módẹ́mù wà lára rẹ̀ náà lè fi wáyà pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ráútà, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà náà ni gbogbo ilé yóò wà lókùnkùn. Ẹni tó bá sì ń ra ohun tuntun, ráútà tó ní ojú síìmù nínú ara rẹ̀ ni kó rà, nítorí kò ní bá ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ USB yìí fà á.

Iná tí módẹ́mù ń mu

Ojú USB 2.0 ni a ṣe láti fún ohun tí a bá kì bọ̀ ọ́ ní 500 mA (mA ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn; 1000 mA ni 1A). Ti USB 3.0 jẹ́ 900 mA. Ní ibi tí òpó nẹ́tíwọ̀kì bá sún mọ́, módẹ́mù kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí òpó bá jìnnà, bó ṣe sábà máa ń rí ní oko, módẹ́mù ní láti pariwo kí òpó tó gbọ́ ọ, bí ó bá sì ti ń pariwo ni iná tó ń mu ń pọ̀ sí i.

Èmi fúnra mi jìyà èyí. Módẹ́mù tí mo so mọ́ ráútà nílé ń ṣe dáadáa bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ṣí fídíò, iná búlúù kékeré tó wà lórí rẹ̀ yóò kú pátápátá; lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, iná aláwọ̀ ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni búlúù yóò padà, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì wọlé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo yí APN, ìyẹn orúkọ ọ̀nà tí síìmù ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, padà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi. Ìgbà tí mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sórí ṣájà ráútà ni mo rí i pé 12V, 1A ló wà lórí rẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ 12V, 2A sí abẹ́ ráútà. Èyí tó bá a wá ti bàjẹ́, ẹnì kan sì ti fi òmíràn tí ihò rẹ̀ bá a mu rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ra èyí tó tọ́, iná búlúù náà kò kú mọ́.

Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí ṣájà. Nọ́ńbà tó ní V (fóltéèjì) gbọ́dọ̀ bá ti ráútà dọ́gba gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà tó ní A (áḿpù) lè ju ti ráútà lọ, kò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Bí ṣájà bá tọ́ tí módẹ́mù ṣì ń kú, ẹ ra USB hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tó ní ṣájà tirẹ̀, kí ẹ fi í sí àárín méjèèjì. Wáyà USB gígùn náà ń jẹ nínú iná kó tó dé ọ̀dọ̀ módẹ́mù: mítà 5 ni òpin tí a fún wáyà USB 2.0, ṣùgbọ́n fún módẹ́mù, èmi kì í kọjá mítà 2.

Síso wọ́n pọ̀

Kí ẹ tó ki síìmù bọ módẹ́mù, ẹ fi í sínú fóònù, kí ẹ rí i dájú pé dátà wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì mú PIN (nọ́ńbà àṣírí tí síìmù ń béèrè) kúrò lórí rẹ̀. Bí a bá tẹ PIN tí kò tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù yóò ti ara rẹ̀ pa, yóò sì máa béèrè PUK, nọ́ńbà tí a fi ń ṣí síìmù tó bá ti ara rẹ̀ pa. Bí a bá ṣi PUK náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù ti kú nìyẹn. Ráútà kò mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá ti kọ PIN tí kò tọ̀nà sínú rẹ̀, yóò máa gbìyànjú rẹ̀ lọ ni. Ẹ tún béèrè APN lọ́wọ́ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí àmì kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè mú kí módẹ́mù má rí ọ̀nà wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ráútà, ẹ ki módẹ́mù bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi ráútà, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ sínú búráwúsà. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà tí ráútà yóò gbà rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan 3G/4G. Fún módẹ́mù oríṣi kìíní, ẹ kọ APN àti *99#; orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń wà lófìfo, àfi bí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì bá fún yín ní tiwọn. Fún oríṣi kejì, inú ojúewé módẹ́mù fúnra rẹ̀ ni APN ń wà, ráútà kàn ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀ ni, bíi pé wáyà ló so wọ́n pọ̀.

Oríṣi kejì yìí ní ìṣòro kan tó fara pamọ́. Bí módẹ́mù bá ń jẹ́ 192.168.0.1, tí ráútà náà sì ń jẹ́ 192.168.0.1, ó dà bí ilé méjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí lára ní òpópónà kan: ẹni tó gbé lẹ́tà wá kò ní mọ èyí tí yóò yà sí. Gbogbo iná yóò tàn, Wi-Fi yóò hàn, síbẹ̀ ojúewé kan kò ní ṣí. Ẹ wọ ibi ìṣètò LAN nínú ráútà, kí ẹ yí tirẹ̀ sí 192.168.20.1, kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn, kí ẹ má sì gbàgbé pé àdírẹ́sì tuntun yìí ni ẹ ó máa fi ṣí ojúewé rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ ojúewé ráútà padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 (ọ̀nà ààbò) fún Wi-Fi, kí ẹ sì pa WPS (ọ̀nà tí a fi bọ́tìnì tàbí PIN so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà).

Ibi tó yẹ kí a gbé e sí

Ojúewé módẹ́mù sábà máa ń fi nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní RSRP, ìyẹn bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe lágbára tó, hàn. Bí ó bá wà ní àyíká -80, nẹ́tíwọ̀kì ń wọlé dáadáa. Ní -100, a ṣì lè bá a ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti kọjá -110 sísàlẹ̀, ẹ wá ibòmíràn gbé e sí. Ẹ má fi ojú inú mú ibẹ̀. Ẹ gbé módẹ́mù sí ojú fèrèsé kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ tó lọ sí fèrèsé tó kàn. Òrùlé páànù àti ògiri kọnkéré ń dí nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà púpọ̀, ìyàtọ̀ yàrá kan sí èkejì sì lè pọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ. Bí ojú USB ráútà bá jẹ́ 3.0, ẹ fi wáyà kúkúrú gbé módẹ́mù jìnnà díẹ̀ sí i, nítorí ariwo rédíò (kì í ṣe èyí tí etí ń gbọ́) tí USB 3.0 ń pa máa ń kó bá Wi-Fi orí 2.4 GHz.

Ìnáwó dátà

Ohun tó ń yani lẹ́nu lẹ́yìn tí ilé bá ti ní Wi-Fi ni bí dátà ṣe ń tán. Fóònù àti kọ̀ǹpútà gbà pé Wi-Fi kò lópin, nítorí náà wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe ètò àti fọ́tò lọ sókè sódò láìbéèrè. Ẹ wọ ìṣètò Wi-Fi lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ fún un pé nẹ́tíwọ̀kì yìí ní òdiwọ̀n. Fídíò tó mọ́ kedere lè jẹ tó gígábáìtì 3 láàárín wákàtí kan, nítorí náà ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ilé kí àwọn ọmọ dín bí àwòrán fídíò ṣe mọ́ kedere tó kù.

Kámẹ́rà inú oko

Àwọn àgbẹ̀ kan fẹ́ fi kámẹ́rà sí ibi tí ẹran ń sùn, kí wọ́n lè máa wò ó láti ibi tí wọ́n bá wà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kì í fún síìmù ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ni. Bí àdírẹ́sì WAN tí módẹ́mù fi hàn bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, bẹ́ẹ̀ ló rí fún yín, ìṣètò yòówù tí ẹ bá sì ṣe nínú ráútà, ẹni tó wà níta kò ní lè kan ilẹ̀kùn wọlé. Kámẹ́rà tó ń jáde lọ bá sáfà (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì) iléeṣẹ́ tó ṣe é, tí fóònù yín náà ń lọ bá a níbẹ̀, ni kí ẹ rà, nítorí ọ̀nà àbájáde ṣí sílẹ̀ fún un nígbà gbogbo.