Sẹ́ẹ̀lì Ò Kú, Òṣùwọ̀n Ló Parọ́

Ìdá 15 nínú 100. Iye sẹ́ẹ̀lì kóònù tí wọ́n ní arábìnrin kan ti pàdánù lójú ọ̀tún láàárín àbẹ̀wò méjì nìyẹn. Retinitis pigmentosa ló ń bá a fínra, àrùn àjogúnbá tó sábà máa ń kọ́kọ́ pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tá a fi ń ríran lóru, kó tó kan kóònù tá a fi ń kàwé, tá a sì fi ń dá ojú èèyàn mọ̀. Wọ́n ti ń múra láti sọ fún un pé àrùn náà ti wọ àárín ojú. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò àwòrán tí wọ́n máa fi hàn án. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí irọ́ niye yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dọ́wọ́ mi.

Yíya àwòrán fúnra rẹ̀ ò ní wàhálà. Ẹ kán oògùn sí i lójú, kó gbé àgbọ̀n lélẹ̀, kó tẹjú mọ́ àmì. Ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. A ya OCT, àwòrán tó ń fi ìpele rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ojú ewé ìwé, lẹ́yìn náà a bọ́ sórí ẹ̀rọ adaptive optics.

Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi ń yangàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá: ní 1953, Horace Babcock dábàá bí wọ́n ṣe lè tún ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń dà rú ṣe. Nígbà tó di 1997, David Williams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rochester, l'Amẹ́ríkà, fi dígí tó ń yí ara rẹ̀ padà ya kóònù nínú ojú èèyàn tó wà láàyè. Lónìí, kóònù tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju máíkírómítà mélòó kan lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan), mo lè nàka sí i. Kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n, àmọ́ ó máa ń fo àwọn tó ṣókùnkùn, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń kà. Ẹ má sì rò pé gbogbo ibi tó dúdú ni sẹ́ẹ̀lì ti kú o. Kóònù lè wà níbẹ̀ kó má kàn dá ìmọ́lẹ̀ padà. Irú àwòrán tí wọ́n ń pè ní split detection ló máa ń tú àṣírí ìyẹn.

Ohun tó rú mi lójú ni pé OCT ò sọ ohun tó jọ ìdá 15. Bí rẹ́tínà ṣe nípọn tó níjọ́sí náà ló ṣe nípọn tó báyìí. Mo bá gbé àwòrán àkọ́kọ́ lé èkejì lórí. Kóònù tó wà nínú àpótí, ìyẹn igun mẹ́rin tá a fà sórí àwòrán ká lè ka ohun tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ti kà nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ni mo rí nínú àwòrán tuntun, kálukú lójú ibi tó wà. Ta ló wá kú? Àpótí tuntun ló kéré, kò gbà wọ́n tán. Bẹ́ẹ̀ àpótí oní-máíkírómítà 50 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan la pe méjèèjì.

Kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Díígírì, ìyẹn igun tí nǹkan gbà lójú ìríran, ni ẹ̀rọ fi ń ríran, kì í ṣe máíkírómítà. Kẹ́ ẹ tó lè yí ọ̀kan sí èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ẹyinjú ṣe gùn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú ojú tó gùn tó mìlímítà 24, díígírì kan jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà 291. Tó bá jẹ́ mìlímítà 26, bíi tàwọn tí kì í rí ọ̀nà jíjìn láìlo awò, ó di nǹkan bíi 315. Ẹ sọ ìyàtọ̀ yẹn di ti ìbú òun òró, ẹ ó rí ìdá 15 tó ń fò kiri. Ìnípọn tí OCT ń fi hàn ò ní irú wàhálà yìí, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Mo ṣí fáìlì méjèèjì. Ti èkejì: 26. Ti àkọ́kọ́: 24.00.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọn ojú yìí nígbà àkọ́kọ́?"

"Ó wà nínú fáìlì."

"Mo rí i, sà. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Ṣé fáìlì á kàn dédé kọ nǹkan ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó máa ń dédé kọ ọ́! Àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ti èkejì ni ò tọ̀nà. Mo ní ojú àgbàlagbà kì í fi mìlímítà méjì gùn sí i báyẹn. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá.

Mo lọ bá àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn ẹyinjú, irú èyí tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá sójú èèyàn. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá mi ló yẹ kó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ojú pé mò ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ò sí nítòsí. Gbogbo àsìkò yìí, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bá arábìnrin náà sọ̀rọ̀ ń sún mọ́lé, mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí kò gba ìṣirò gbọ́.

Bí mo ṣe ń dúró dè wọ́n, mo ṣí fáìlì àwọn ẹlòmíì tí wọ́n yàwòrán wọn lásìkò àbẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn. 24.00. 24.00. 24.00. Ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó ń lo awò àtẹni tí ò lò ó, gígùn ojú gbogbo wọn dọ́gba! Bí èèyàn ò bá kọ nǹkan kan sáyè yẹn, ètò kọ̀ǹpútà á fi 24 sí i, kò sì ní sọ fẹ́nì kankan. Nígbà tí àkọsílẹ̀ wá dé, ohun tí mo sọ ló bá: wọn ò tíì wọn ojú arábìnrin yẹn rí nígbà àkọ́kọ́.

Mo tún òṣùwọ̀n ṣe, mo tún kóònù kà. Ìyàtọ̀ tó ṣẹ́ kù ò tó èyí tí mo máa ń rí tí mo bá ka àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún un. Láti oṣù December 2017 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìtọ́jú jíìnì fáwọn tó ní àbùkù nínú jíìnì tó ń jẹ́ RPE65, gbogbo ẹni tó ní irú àrùn yìí ló ń retí tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣì wà láàyè nìkan ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sì lè gbà là. Ìròyìn pé sẹ́ẹ̀lì ń kú lè yí ohun tí dókítà máa dámọ̀ràn padà.

Ní báyìí, mo máa ń kọ gígùn ojú mọ́ orúkọ àwòrán gan-an, àtọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Tí wọn ò bá wọ̀n ọ́n, mo máa ń fi iye kóònù sílẹ̀ ní díígírì onígun mẹ́rin, n kì í yí i padà rárá. Ẹnì kan náà lẹ fẹ́ fi wé ara rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi máíkírómítà ṣe? Ẹ gbé àwòrán lé ara wọn ná, kẹ́ ẹ tó gba tábìlì kankan gbọ́.

Mo kọ̀wé sáwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà yẹn pé kí àyè náà ṣófo títí ẹnì kan á fi kọ nǹkan sí i. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dà tuntun ti jáde lẹ́yìn náà. Mo ṣí i, 24.00 ṣì wà níbẹ̀.