Bí mo ṣe lọ yẹ àtọ̀ mi wò, tí wọ́n fi rí antibody

Ọdún kẹrin rèé tí èmi àtìyàwó mi ti ń wá ọmọ, òun nìkan ló sì ń wọ ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí wọn ò rí nǹkan kan, ó dùn mí gan-an pé ó pẹ́ kí èmi náà tó dìde.

Wọ́n ní ká má sùn pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, pé kó má dín ní 2 kó má ju 7 lọ, kí n gba gbogbo rẹ̀ sínú ike, ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án, itọ́ ò gbọdọ̀ kàn án, kì í ṣe inú kọ́ńdọ̀mù o. Ilé wa n'Ídì-Àbà, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti gbà á, mo ki ike yẹn bọ abẹ́ ẹ̀wù kó má tutù, ó di orí ọ̀kadà, ó di láàbù n'Íbarà, torí kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ.

Èsì dé, iye sperm, àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú àtọ̀, pé, àmọ́ wọ́n kọ agglutination síbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní kí n fojú ara mi wò ó. Háà! Àwọn kan lẹ̀ pọ̀ lórí, àwọn kan lẹ̀ pọ̀ nírù, wọ́n ń jà pìtìpìtì lójú kan náà, wọn ò lè lọ.

Dókítà ní ó ku MAR test, àyẹ̀wò tó ń wá antibody lára sperm, ìyẹn ohun ìjà tí àwọn sọ́jà ara fi ń bá àlejò jà. Wọn ò ní in níbi tí mo lọ, sperm tó ṣì ń rìn ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kò ṣeé fi ránṣẹ́ s'Ékòó, èmi fúnra mi ni mo wọ mọ́tò ní Kútọ̀ laago 5 ìdájí. Wọ́n po hóró rọ́bà tíntìntín mọ́ ọn, èyí tó bá ní antibody lára, hóró yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ti tó 50 nínú 100, ọ̀rọ̀ ti wà ńbẹ̀. Tèmi jẹ́ 78.

Dókítà ní ìgbà téèyàn bá bàlágà ni sperm tó ń dé, àwọn sọ́jà ara sì ti mọ ará ilé tán kó tó dìgbà yẹn, ògiri inú kórópọ̀n ló ń fi í pamọ́ fún wọn. Tí ògiri yẹn bá lu, bóyá èèyàn fara pa, bóyá àrùn wọbẹ̀, bóyá iṣẹ́ abẹ, wọ́n á rí i, wọ́n á pè é ní àlejò. Mo rántí iṣẹ́ abẹ ìpá tí wọ́n ṣe fún mi lọ́mọ ọdún 16, ó ní ó lè jẹ́ ibẹ̀.

Kò fún mi ní prednisolone, oògùn tó ń rọ àwọn sọ́jà ara lọ́wọ́, ó ní wàhálà rẹ̀ lè ju èrè rẹ̀ lọ, fífọ sperm náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ń bọ́ antibody tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. ICSI ló kù, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ki sperm ẹyọ kan bọ inú ẹyin. Owó rẹ̀ la ń kó jọ báyìí.

Láti Èkó, ìsọ̀ àdìrẹ màámi n'Ítòkú ni mo kọ́kọ́ yà, mo fi bébà yẹn lé wọn lọ́wọ́, mo ní, "Màámi, èmi ni o, kì í ṣe ìyàwó mi." Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń tẹ́ bébà yẹn lórí itan wọn bí ẹni ń tẹ́ aṣọ, wọ́n wá ní kí n bá àwọn pe ìyàwó mi sórí fóònù.