Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Ṣíìfù Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Ìlú Ọba: Ìtọ́sọ́nà fún Nọ́ọ̀sì Tó Ń Gbéra ní Èkó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn nọ́ọ̀sì bíi mẹ́fà tàbí méje máa ń pé jọ sí pálọ̀ mi ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta láti múra sílẹ̀ de OSCE, ìyẹn ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá dé Ìlú Ọba. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé láti ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, Ìgbòbì tàbí Ọ̀dán ni, oorun ṣì wà lójú wọn. Bí a bá ti parí ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú ọgbẹ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé ṣíìfù òpin ọ̀sẹ̀ ló ń mówó wá níbẹ̀?" Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í bèèrè ni ẹni tí wọ́n ń fún ní ṣíìfù náà, ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọwọ́ onítọ̀hún, àti ohun tí ènìyàn lè ṣe bí kò bá kàn án. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní England kí n tó padà wálé, ó sì tó ọdún kan gbáko nínú rẹ̀ tí owó fi ń fò mí dá nítorí pé n kò bèèrè nǹkan mẹ́ta yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya òpin ọ̀sẹ̀ tó wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ àfikún. Ní England, wákàtí 37 àti ààbọ̀ ni òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún ń ṣe lọ́sẹ̀ lábẹ́ àdéhùn owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Agenda for Change, èyí tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2004, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú sì wà nínú wákàtí náà bíi ti àwọn ọjọ́ yòókù. Ìyàtọ̀ wà nínú owó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Band 5, ìyẹn ipele tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ máa ń wà, yóò gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí owó wákàtí rẹ̀ bó bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdá 60 lé lórí rẹ̀ bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ká ní pọ́n-ùn 16 ni owó wákàtí kan, yóò di pọ́n-ùn 20 àti pẹ́ńsì 80 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò sì di pọ́n-ùn 25 àti pẹ́ńsì 60 ní ọjọ́ Àìkú.

Nílé níhìn-ín, ẹrù tí gbogbo ènìyàn ń sá fún ni iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo rántí bí a ṣe máa ń ṣù bo ògiri ní ìparí oṣù nígbà tí mátírọ̀nì bá lẹ rósítà tó fi rúlà fa ìlà rẹ̀, tó sì fi bírò pupa kọ iṣẹ́ alẹ́ sí i. Ẹni tí ọjọ́ Àìkú mẹ́ta bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò máa ráhùn nípa ṣọ́ọ̀ṣì àti òde tí kò ní lè lọ. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ọjọ́ Àìkú tí a ṣe láti fi san owó fún wa, nítorí pé inú owó oṣù ni owó ṣíìfù máa ń bá wọlé, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára ohun tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń bèèrè fún nígbà ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ máa ń kọ́kọ́ bẹ ọ̀gá wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi òun sí ọjọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ pé ìjọsìn ló mú un bẹ̀bẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó sì lè kọ ìwé béèrè fún ètò iṣẹ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òfin tó sọ pé dandan ni kí wọ́n gbà fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àṣà ilé ló gbé lọ, kó mọ̀ pé owó ló ń tì sẹ́yìn, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní gbèsè ilé lọ́rùn ń wá ọjọ́ náà lójú méjèèjì.

Èyí tó jẹ́ àfikún gan-an máa ń wáyé nígbà tí àyè bá ṣófo lórí rósítà: ẹnì kan ṣàìsàn, ẹnì kan lọ bímọ, tàbí wọn kò tíì rí ẹni gba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dí àyè náà ṣe pàtàkì sí àpò yín. Wọ́n lè pè é ní ovataìmù, wọ́n sì lè pè é ní báńkì. Ovataìmù jẹ́ owó wákàtí kan àti ààbọ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá ti lé lórí 37 àti ààbọ̀, ìlọ́po méjì sì ni lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kì í fi àfikún ọjọ́ Àìkú lé e lórí mọ́. Pọ́n-ùn 16 wa yóò di 24, bó ti wù kí ọjọ́ Àìkú náà le tó. Báńkì kì í ṣe ilé ìfowópamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ti bi mí bóyá àkáǹtì ni òun yóò kọ́kọ́ ṣí. Àkójọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣetán láti gba ṣíìfù àfikún ni. Ilé ìwòsàn míì ń bójú tó tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn míì gbé tiwọn fún àjọ NHS Professionals, iye owó rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìgbà tí báńkì bá kùnà ni wọ́n ń pe àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú tó ń yá nọ́ọ̀sì lò, nítorí pé wọ́n wọ́n jù. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi gbèdéke sí owó tí ilé ìwòsàn lè san fún wọn. Kí ẹ tó sọ pé ẹ gba ṣíìfù kan, ẹ bèèrè pé, "Ṣé ovataìmù ni àbí báńkì?"

Nísinsìnyí, báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ọ̀nà kan dà bíi dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣíìfù yóò jáde lórí áàpù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ni yóò jókòó. Ó dà bíi pé kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bá wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn láti aago méje àbọ̀ àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, tí fóònù rẹ̀ wà nínú lọ́kà, kò lè bá ẹni tó jókòó sílé du ìjókòó. Ọ̀nà kejì dà bí èsúsú: orúkọ tò lẹ́sẹẹsẹ, ó ń kàn wọ́n ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ẹni tí kò bá fẹ́ yóò jẹ́ kó kọjá sórí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà kẹta ni ti etí ọ̀gá, èyí tí kò sí nínú ìwé òfin ilé ìwòsàn kankan, tó sì wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀nà kẹta yìí ló bá mi fínra. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ní àríwá England, ìgbàkígbà tí mo bá ṣí áàpù, òfo ni mo ń bá. Mo rò pé kò sí ṣíìfù ni. Ní ọjọ́ kan, bí a ṣe ń dúró kí omi hó nínú yàrá ìsinmi, nọ́ọ̀sì kan tó wá láti Philippines bi mí ìdí tí n kì í fi í ṣe ọjọ́ Àìkú àfikún, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa ń fi ṣíìfù sí kí ó tó dé orí áàpù rárá. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, n kò sì sí níbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjìlá kọ gbogbo ṣíìfù òpin ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ àfikún ní wọ́ọ̀dù wa, bí mo ṣe ń rí i lórí rósítà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán: ọjọ́, ẹni tó ṣe é, báńkì tàbí ovataìmù. Nínú mọ́kàndínlógún, mẹ́rìnlá lọ sọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta péré.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà síwájú ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ó wò ó títí, ó ní, "Mo rò pé o kò fẹ́ ni. O kò bèèrè rí." Òótọ́ ni pé n kò bèèrè rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ni pé ọmọ tó mọ̀wàá kì í na ọwọ́ sí àwo àgbà, mo sì ń retí kí àgbà bu tèmi fún mi. Kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pé ìtẹríba ni ìdákẹ́jẹ́ mi. Obìnrin náà kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ènìyàn bá pè é ní aago mẹ́fà ìdájí pé ara òun kò yá, ẹni tó mọ̀ pé yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ló ń pè. Lójú tèmi, ìkánjú ló ń fa púpọ̀ nínú àìtọ́ yìí, ìkórìíra kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkánjú bá ń já sí pé àwọn aláwọ̀ dúdú tàbí àwọn aboyún ni kì í kàn, òfin Equality Act ti ọdún 2010 kò ní kó jẹ́ pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó tó di ẹ̀sùn. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2000: wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí kò dáa mú wọn ju àwọn alákòókò kíkún lọ láìnídìí gúnmọ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìsinmi, tí orúkọ gbogbo wa wà lórí rẹ̀ ní títò, tí ẹni tó bá kàn sì ní ọjọ́ méjì láti dáhùn kó tó kọjá sí ẹlòmíràn. Mo sọ fún un pé èsúsú ni èyí jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì ní kí n kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún òun, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Ìwé náà kò yanjú ìpè aago mẹ́fà ìdájí, nítorí pé kò sí ẹni tó lè dúró ọjọ́ méjì de ìyẹn.

Ẹ má sì ṣe retí pé kí iye ṣíìfù gbogbo ènìyàn dọ́gba rẹ́gí. Títí PIN yín, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, yóò fi jáde láti ọ̀dọ̀ NMC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ ní Ìlú Ọba, ẹ kò lè gba ṣíìfù nọ́ọ̀sì lórí báńkì, bí ó ti wù kí ìrírí yín ní Èkó pọ̀ tó. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, wọ́ọ̀dù lè nílò ẹni tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwòsàn náà lórí abẹ́rẹ́ inú iṣan, tàbí ẹni tó lè ṣe olórí ṣíìfù. Bí wọ́n bá fò yín nítorí èyí, ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè fún ìwé ìlànà rósítà ilé ìwòsàn yín láàárín oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ sì ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ṣíìfù àfikún. Ẹ sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù yín, lẹ́nu àti lórí ímeèlì, ọjọ́ tí ẹ lè ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ tí nǹkan kò yí padà, àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá wúlò ju ẹkún lọ, nítorí pé rósítà orí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé òótọ́ ni ẹ ń sọ. Lẹ́yìn ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni mátírọ̀nì, lẹ́yìn náà aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, yálà RCN tàbí UNISON, ẹgbẹ́ tí mo rọ̀ yín láti dara pọ̀ mọ́ kí wàhálà tó dé. Gbogbo ilé ìwòsàn NHS ní England tún ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Freedom to Speak Up Guardian, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù láti sọ. Bó bá di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ACAS, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ni ẹ óò kọ́kọ́ lọ, àkókò tí òfin sì fún yín kò gùn, nítorí náà ẹ má fi falẹ̀.

Apá kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fẹ́ gbọ́. A wà lára àwọn tó ń gba ti ẹlòmíràn. Mo ti rí àwọn ọmọ wa mẹ́rin tí wọ́n pín òpin ọ̀sẹ̀ oṣù kan láàárín ara wọn, tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá ta ara wọn lólobó nígbà tí ọmọ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò mọ ohun tó ń lọ. Ìpè láti ilé ló sábà máa ń fà á: owó ilé ìwé, òrùlé, ìsìnkú. Síbẹ̀, òfin ọdún 1998 lórí wákàtí iṣẹ́ ní kí iṣẹ́ má kọjá wákàtí 48 lọ́sẹ̀ bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ 17, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ yọ ara yín kúrò, kí ìsinmi wákàtí 11 sì wà nínú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo ìwé ìgbàṣíṣẹ́ síwájú yín, ẹ mú un lọ sílé kà. Ní ti físà, ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ẹni tó mú yín wá, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ bóyá báńkì yín jẹ́ ti ilé ìwòsàn náà tàbí ti ẹlòmíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye wákàtí náà.

Wọ́n lè fagi lé ṣíìfù báńkì, wọ́n sì lè gbé yín lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé. Ẹ wo áàpù kí ẹ tó jáde lọ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù, kí ẹ sì kọ èyí tí wọ́n fagi lé náà sínú ìwé kékeré yẹn pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.